Ohun Èlò Ìdáná fún Ilé Ìdáná Tí Kò Láyè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń gbé yàrá kan tàbí yàrá àti pálọ̀ máa ń béèrè jù lọ ní Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé: akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ilé sí ìta ọgbà, agùnbánirọ̀, àti tọkọtaya tí ilé ìdáná wọn kò gba ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ni mo gbà gbọ́ tí mo sì fi dáhùn gbogbo wọn: ohun tí ẹ ń sè lójoojúmọ́ àti iná tí ẹ ń rí ní tòótọ́ ni kí ẹ fi yan ohun èlò, kì í ṣe iye iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Owó mi kò pọ̀. Kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ kọ́kọ́ ra gáàsì olójú kan tàbí olójú méjì pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀, ìkòkò méjì, àti ọbẹ tó mú. Ẹ wá dúró ná. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá sè sílẹ̀, títí kan omi tíì àti ọbẹ̀ àná tí ẹ gbé kaná. Ẹni tí ìrẹsì àti ẹ̀wà bá pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀ kò nílò ohun tí ẹni tó ń jẹ iyán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ nílò. Ọ̀pọ̀ ohun èlò tó ń kó eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni a rà nítorí oúnjẹ tí a rò pé a ó máa sè, tí a kò sì sè é rí.

Ṣé gáàsì ni kí n gbójú lé ni, àbí iná mọ̀nàmọ́ná?

Àdúgbò yín ni yóò dáhùn ìyẹn. Wọ́n ti pín àwọn tó ń lo iná sí ìsọ̀rí márùn-ún, láti A dé E: ó kéré tán, ó yẹ kí ìsọ̀rí A máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B fún wákàtí 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fi owó gọbọi kún ti ìsọ̀rí A, nítorí náà ẹni tí iná rẹ̀ dúró jù lọ gan-an ni owó yúníìtì rẹ̀ wọ́n jù lọ. Ẹni tó wà ní ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ lè ra yúníìtì ní owó tó rọjú, kí ó sì máa dúró de iná títí ebi yóò fi pa á sùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ohun èlò oní wáàtì 1,000 tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko ti jẹ yúníìtì kan. Ẹ̀wà tó hó fún wákàtí méjì lórí hot plate (ojú ìdáná oníná) oní wáàtì 1,500 lè jẹ tó yúníìtì mẹ́ta, ṣùgbọ́n kẹ́tùlù oní wáàtì 2,000 tó se omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò jẹ tó ìdá márùn-ún yúníìtì kan. Èyí ló mú kí n máa sọ pé ohun tó ń pẹ́ lórí iná, bí ẹ̀wà, ẹran àti ọbẹ̀, ti gáàsì ni. Ohun tó ń fẹ́ ooru fún ìgbà díẹ̀, bí omi gbígbóná àti oúnjẹ tí a fẹ́ mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná mọ̀nàmọ́ná lè ṣe é. Ẹ má ṣe fi iná mọ̀nàmọ́ná nìkan dáná o, àyàfi tí ẹ bá ti gbé inú ilé náà pẹ́ tó láti mọ ìwà iná ibẹ̀.

Sílíńdà oníkílò mélòó ni kí n rà?

Fún ẹnì kan tàbí ẹni méjì, ti kílò 5 tàbí kílò 6 ló bá a mu jù lójú tèmi. Ti kílò 3 rọrùn láti gbé, àmọ́ kì í pẹ́ tán, ó sì fẹ́ràn láti tán ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tí àwọn tó ń rọ gáàsì ti tilẹ̀kùn. Ti kílò 12.5 ń pẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì kò ní gbàgbé ọjọ́ tó gbé e gòkè.

Kí ẹ tó sanwó fún irú sílíńdà tí ojú gáàsì wà lórí rẹ̀ gan-an, èyí tí a ń pè ní camp gas, ẹ kọ́kọ́ ro bí ẹ ṣe ń ro ọkà. Ìkòkò máa ń ga sókè lórí rẹ̀, ìdí sílíńdà kò sì fẹ̀. Nígbà tí ọkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọwọ́ kan a di ìkòkò mú, ọwọ́ kejì a máa ti orógùn, gbogbo agbára apá a sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, débi pé ìkòkò, ojú gáàsì àti sílíńdà yóò jọ máa mì. Bí irú rẹ̀ bá ni owó yín ká, ẹ máa sọ ìkòkò kalẹ̀ sórí òṣùká nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ro ó, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e padà kó lè jinná. Gáàsì olójú méjì tí a ń gbé ka orí pẹpẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ú lọ, ọbẹ̀ sì lè wà lójú kan kí omi ọkà wà lójú kejì.

Níbo ni kí n gbé sílíńdà sí?

Ìta ni, bí ọ̀nà bá wà rárá. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọ́ lọ, ibẹ̀ ni yóò sì kó jọ sí, lábẹ́ pẹpẹ, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn fíríìjì. Fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri kò lè kó o jáde. Bí onílé bá gbà, kí ẹ gbé sílíńdà sí ẹ̀yìn ògiri nínú àgò tó ní ihò, kí rọ́bà gáàsì gba inú ògiri wọlé. Bí kò bá gbà, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó wà ní ìdúró, kí ó má ṣe sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì pa.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rọ gáàsì dé, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi kan ibi tí régúlétọ̀ ti so mọ́ sílíńdà àti orí rọ́bà méjèèjì. Bí ó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ìṣáná dán an wò láé. Ẹ tún máa wo rọ́bà náà láti òkè dé ilẹ̀, nítorí eku ilé fẹ́ràn láti máa rẹ́ ẹ jẹ, ihò tí ehín rẹ̀ ń dá sí i sì lè má tó orí abẹ́rẹ́. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì gan-an. Wọ́n fi kún un kí imú lè tètè mọ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ tan iná, kò sì gbọdọ̀ pa èyí tó wà ní títàn; kí ó ti orí sílíńdà, kí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí ó sì bọ́ síta.

Kí ni wáàtì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ohun èlò ń sọ fún mi?

Bí ohun èlò náà ṣe ń fa iná tó ló ń sọ. Blẹ́ńdà ilé sábà máa ń wà láàrin wáàtì 300 àti 500. Ìkòkò oníná tí a fi ń se ìrẹsì, láàrin 400 àti 700. Hot plate olójú kan, láàrin 1,000 àti 1,500. Air fryer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná dín oúnjẹ, nǹkan bí 1,500. Kẹ́tùlù, láàrin 1,500 àti 2,200. Induction, ìyẹn ohun ìdáná oníná tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná, sì lè dé 2,000.

Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ kọjá áńpíà 13, èyí tó sún mọ́ wáàtì 3,000 lórí iná fóòtì (volt) 230. Bí ẹ bá so kẹ́tùlù oní wáàtì 2,000 àti hot plate oní wáàtì 1,500 mọ́ wáyà extension kan ṣoṣo, ẹ ti kọjá ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò mẹ́rin ni ó ní. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò gbóná, ẹ ó sì gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó kí ẹ tó rí nǹkan kan. Ohun tó ń mú ooru jáde, ara ògiri ni kí ẹ so ó mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé àtijọ́ tí wáyà inú ògiri rẹ̀ ti pẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó wò ó kí ẹ tó ra ohunkóhun tó kọjá wáàtì 1,000. Owó rẹ̀ kò tó owó ilé tó jó.

Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e?

Ó lè gbé blẹ́ńdà. Agbára jẹnẹrétọ̀ tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò tó wáàtì 1,000, nítorí náà hot plate, kẹ́tùlù àti induction kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni kí ó wà. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó sì ti pa odindi ìdílé sójú oorun. Ààrò oní-èédú nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ń mú irú afẹ́fẹ́ kan náà jáde, bó ti wù kí òtútù òru mú tó.

Mo fẹ́ ra induction. Wọ́n ní ó ń yára.

Ó ń yára lóòótọ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ẹ lè fi í há ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹ bá ti lò ó tán. Ṣùgbọ́n agbára òòfà ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀ ni ó sì ń mú gbóná. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ń yọ́ dà, irú èyí tó kún ilé àwọn ìyá wa, kò ní gbóná lórí rẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ náà yóò kàn máa dún ni, yóò sì pa ara rẹ̀. Ẹ mú òòfà kékeré, kódà èyí tó wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì, kí ẹ fi kan ìdí gbogbo ìkòkò tí ẹ ní. Èyí tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ dáadáa ni yóò ṣiṣẹ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ èyíkéyìí, ẹ fi owó ìkòkò tuntun kún owó induction kí ẹ tó sọ pé kò wọ́n.

Ìkòkò oníná tí a fi ń se ìrẹsì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àṣejù?

Fún ẹni tó ń jẹ ìrẹsì lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àṣejù. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú ìkòkò náà, ìdí rẹ̀ kò lè gbóná ju omi híhó lọ. Bí ìrẹsì bá ti fa omi tán, ooru yóò ru sókè, ẹ̀rọ yóò sì dín iná kù fúnra rẹ̀. Ẹ lè lọ wẹ̀ kí ẹ dé bá a. Èyí tó jẹ́ líítà kan tó ẹni méjì. Ti líítà 1.8 tó ìdílé kékeré. Ó tún ń se iṣu, ẹyin àti ọ̀dùnkún, èyí ló sì mú kí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè tó gbà.

Ìrẹsì Ìgbẹmọ, ìyẹn ìrẹsì ilẹ̀ Èkìtì wa, ń fẹ́ àmójútó tirẹ̀. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ ṣe ìyẹn lórí gáàsì kí ẹ tó dà á sínú ìkòkò oníná. Omi tí a kọ sínú ìwé tó bá ìkòkò náà wá, ti ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ni. Ẹ díwọ̀n tiyín fúnra yín. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò bá a mu, nítorí ata àti tòmátì tó nípọn máa ń jó mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ a sì rò pé oúnjẹ ti jinná.

Iyán ńkọ́? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé.

Mo mọ̀ pé ọmọ Èkìtì kò ní ṣàì béèrè èyí. Àwọn àgbà ní iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, ṣùgbọ́n kò sí àgbà tó ní kí a fi odó fọ́ táìsì onílé. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkíní ni odó kékeré. Ẹ wá ẹní rọ́bà tó nípọn tàbí àpò tí a ká ní ìlọ́po, kí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sí orí ibi tí òpó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àárín yàrá, kí ẹ sì gún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ yóò ṣì gbọ́ ọ, àmọ́ bí ẹ bá ń bù fún un nígbà mìíràn, ẹjọ́ yóò dín kù.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń gún iyán. Irú méjì ni: èyí tó ń fi ooru omi se iṣu kí abẹ rẹ̀ tó gún un, àti èyí tó kàn ń gún iṣu tí a ti sè lórí iná. Èyí tó ń sè tó sì ń gún gba àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú gáàsì yín yóò ṣófo fún ọbẹ̀. Ẹ gé iṣu sí wẹ́wẹ́ tó dọ́gba, torí èyí tó tóbi jù kò ní jinná, òun ni yóò sì di kókó. Bí abẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ dúró tì í. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣu yóò máa fò káàkiri pẹ̀lú ariwo. Lẹ́yìn náà yóò kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, ohùn ẹ̀rọ yóò sì wúwo. Ibẹ̀ ni kí ẹ pa á. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kọjá ibẹ̀, iyán náà yóò máa fà bí àtè. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ iṣu tuntun tí omi ṣì kún inú rẹ̀ di iyán tó le. Ọ̀rọ̀ iṣu nìyẹn. Ẹ ra èyí tí abẹ rẹ̀ ń yọ kúrò fún fífọ̀, nítorí iyán tó bá gbẹ mọ́ abẹ́ abẹ kì í ṣe ohun tí kànrìnkàn lè dé.

Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀fun póńdò, tó kàn ń fẹ́ omi gbígbóná àti orógùn. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ebi, n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ẹni tó ń jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ra ẹ̀rọ. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó lo odó tó wà lẹ́yìnkùlé, bí ó ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, tàbí kí ó lọ jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ ìyá olóńjẹ. Ẹ má ṣe fi blẹ́ńdà dán an wò: abẹ rẹ̀ yóò há, mọ́tò rẹ̀ yóò sì jóná.

Èwo ló dára jù fún ẹ̀wà?

Ìkòkò atẹ̀fúùfù (pressure cooker) tí a ń gbé ka gáàsì. Omi inú rẹ̀ máa ń gbóná kọjá ibi tí omi lásán ti ń hó, ó lè sún mọ́ 120 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ̀wà àti ẹran tó yi ń tètè rọ̀, gáàsì sì ń pẹ́ sí i. Ìkòkò kan ni, kò gba àyè ju ìkòkò lọ. Fún ẹ̀wà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá ìdajì, torí ìfófòó ẹ̀wà lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹ má sì fi ipá ṣí i nígbà tí ó ṣì ń mí.

Maikirowéfù àti air fryer, èwo ni kí n mú?

Bí ẹ bá ní fíríìjì tí ẹ sì máa ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, maikirowéfù líítà 20 wúlò. Ẹ rántí pé wáàtì 700 tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ ni agbára tó ń fi mú oúnjẹ gbóná. Èyí tó ń fà lára ògiri ju 1,000 lọ. Ó sì ń fẹ́ àyè lẹ́yìn àti lókè láti mí.

Air fryer ń ṣe dáadáa fún ẹja, adìyẹ àti dòdò tí kò mu epo. Àkàrà kò ṣe é ṣe nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀wà lílọ̀ yóò ṣàn gba ihò àwo rẹ̀ kí ó tó le. Nínú ilé ìdáná tí kò láyè, n kò ní kó méjèèjì jọ.

Ṣé blẹ́ńdà pọn dandan?

Bí ẹlẹ́rọ ata bá wà ní ìtòsí, kò pọn dandan. Bí ẹ bá rà á, ẹ mú èyí tó ní ife kékeré fún ohun gbígbẹ, kí ó lè lọ ẹ̀gúsí, kí ẹ sì máa jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Báwo ni n óo ṣe mọ̀ pé yóò gba inú ilé ìdáná mi?

Ẹ wọn ìdí ohun èlò náà ní ìsọ̀, kí ẹ gé páálí tó bá a dọ́gba nílé, kí ẹ gbé páálí náà sórí pẹpẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa dáná bí ẹ ti ń ṣe. Bí ẹ kò bá ti rí ibi gé àlùbọ́sà mọ́, ó ti tóbi jù nìyẹn. Ẹ wo òkè pẹ̀lú: ooru kẹ́tùlù àti ti ìkòkò ìrẹsì máa ń wú pákó kọ́bọ́ọ̀dù tó bá wà lókè wọn. Ohun tó bá wúwo, tí ẹ ó sì máa gbé sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó lò ó, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dẹ́kun lílò rẹ̀.

Ṣé kí n ra tòkunbọ̀?

Ẹ lè rà á, bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa jẹ́ 230. Ohun èlò tó wá láti ibẹ̀ yóò jóná lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ so ó mọ́ ògiri, àyàfi tí ẹ bá ra tìráńsífọ́mà, èyí tó wúwo, tí yóò sì gba àyè tí ẹ ń wá. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iná wa mu. Fún èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wá àmì MANCAP lára rẹ̀, èyí tí SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ń fún ohun tó bá dójú ìwọ̀n.

Ní Ọjà Ọba tàbí níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí olùtajà so ó mọ́ iná lójú yín, kí ó sì jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, kì í ṣe kí gílóòbù rẹ̀ kàn tàn. Ẹ fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ gáàsì, ẹ wo bóyá iná rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ẹ sì béèrè bóyá rọ́bà ìdérí ìkòkò atẹ̀fúùfù, abẹ ẹ̀rọ iyán tàbí ife blẹ́ńdà náà ṣeé rà lọ́tọ̀. Bí olùtajà bá ní àfi kí ẹ ra odindi mìíràn, ẹ dín iye tí ẹ fẹ́ san kù, tàbí kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.